Baba Mítà Fẹ́ Wọlé

Ìbéèrè tí ọ̀gá iléèwé bi Baba Mítà kò ju gbólóhùn kan lọ. Gbọ̀ngàn iléèwé kún lọ́jọ́ náà. Àwọn olùdíje mẹ́ta tó fẹ́ lọ ṣojú àdúgbò nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ jókòó síwájú, agogo kékeré kan sì wà lórí tábìlì ọ̀gá iléèwé, nítorí òun ni wọ́n ní kó darí ètò. Ìṣẹ́jú méjì péré ni olùdíje kọ̀ọ̀kan ní láti fi dáhùn. Ọ̀gá Aṣòfin, ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rin lórí ipò náà tó tún fẹ́ padà, ti dáhùn tirẹ̀. Ó ní omi ni ìyè, ó ní omi yóò ṣàn dé ibi tí kò ṣàn dé rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá kan Baba Mítà.

"Bàbá, kí ni èrò yín lórí ọ̀rọ̀ omi ládùúgbò yìí?"

Baba Mítà dìde, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó wo ọ̀gá iléèwé lójú. "Omi ilé ta ni?" ló bi í.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Baba Mítà kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ìdáhùn ló ń dúró dè. Nígbà tí kò rí ìdáhùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé kìíní ní òpópónà kìíní. Ó ní omi ilé yẹn kì í yọ láàárọ̀, ọ̀sán ló máa ń pọ̀. Ilé kejì, ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé wọn ń jò, ó ti ń jò láti ìgbà tí àkọ́bí wọn wà ní kíláàsì kìíní, àkọ́bí náà sì ti gbéyàwó báyìí. Ilé kẹta, ọwọ́ ń ro ìyá àgbà tó wà níbẹ̀, kò lè yí orí ẹ̀rọ mọ́, irú èyí tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì ló yẹ kí ìjọba fún un. Ọ̀gá iléèwé lu agogo. Baba Mítà dákẹ́ títí agogo fi dákẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé, ó bọ́ sí ilé kẹrin.

Nígbà tí wọ́n lu agogo lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ti dé ilé kejìlá. "Ilé kejìlá," ó ní, "ti Ọ̀gá Aṣòfin tó jókòó tì mí yìí ni. Ẹ̀rọ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń yọ omi dáadáa, a dúpẹ́. Mítà ló ti ń sùn láti ọdún mẹ́fà. Mo jí i títí, kò jí."

Ẹ̀rín ọjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀. Ọ̀gá Aṣòfin fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Olùdíje kẹta kò tilẹ̀ ráyè sọ̀rọ̀. Títí dòní tí Baba Mítà ti di olóògbé, bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ìtàn ilé kejìlá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé nígbà tí ètò parí, tí èèyàn ń tú jáde ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, Baba Mítà dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó ń wò bóyá ẹnìkan á bi í léèrè ilé kẹtàlá. Kò sẹ́ni tó bi í. Ó padà wọlé, ó bá ọ̀gá iléèwé to àga.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ omi, iṣẹ́ kan náà ló sì ṣe láti ọjọ́ tó wọṣẹ́ títí dọjọ́ tó fẹ̀yìn tì: ó ń wọ ilé onílé lọ ka mítà. Ogójì ilé lóòjọ́. Á kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, á ní, "Omi dé o," wọn á ní kó máa wọlé. Á gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á lóṣòó ti mítà, á fi aṣọ nu ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sunkún, á kà á. Ogójì ilé, ogójì "ẹ kú iṣẹ́", ogójì "aya ńkọ́", àti àìmọye ọ̀rọ̀ tí kò kan omi rárá. Ó mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó mọ ẹni tí kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó mọ ẹni tí ìbàdí ń ro. Tó bá délé nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ á gbé àga fún un, á ní, "Ẹ fi ẹnu yẹn sinmi díẹ̀ ná," nítorí gbogbo ohun tó gbọ́ nílé ogójì ló ń gbé bọ̀ wálé.

Ọdún tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì ni ìyàwó náà kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, wà ní òkè òkun. Ilé náà wá di yàrá mẹ́ta fún ẹnìkan. Iléeṣẹ́ omi fún un ní aago ògiri lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kó máa fi ṣe ìrántí. Fún oṣù bíi mẹ́ta, aago yẹn nìkan ló ń dá sí ọ̀rọ̀ tó bá sọ nínú ilé.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa lọ kí àwọn èèyàn lásán. Ó múra lọ́jọ́ kan, ó lọ sí ilé kan tó ti ń wọ̀ fún ogún ọdún, ó kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó ilé ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé iléeṣẹ́ omi ló rán yín?"

"Rárá o. Mo kàn ní kí n yà kí yín ni."

"Ẹ ṣeun o, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìkòkò wà lórí iná, ọmọ ń pè é láti inú ilé. Baba Mítà lọ sílé kejì, ìkòkò wà lórí iná níbẹ̀ náà. Ọjọ́ yẹn ló tó yé e pé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mítà ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún.

Ìyá Aránṣọ ló wá fa ọ̀rọ̀ òṣèlú láìmọ̀. Ìsọ̀ ìyá yìí kọjú sí fèrèsé Baba Mítà gan-an, ibẹ̀ ni Baba Mítà sì máa ń wò látàárọ̀ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i tí ọkùnrin kan tó dé fìlà gíga yà síbẹ̀. Ìyá Aránṣọ dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, ó nu àga, ó gbé e fún un. Àwọn aládùúgbò kóra jọ. Ọkùnrin náà jókòó tó wákàtí kan. Bó ṣe lọ tán ni Baba Mítà sọdá.

"Ta ni ẹni yẹn?"

"Ẹni tó fẹ́ dupò aṣòfin ni."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó wá kí wa ni, Bàbá."

"Ó wá kí yín, ẹ sì gbé àga fún un?"

"Ẹni tó ń dupò ni, Bàbá. A kì í jẹ́ kí wọ́n dúró."

Baba Mítà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jáde lọ wá ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ẹgbẹ́ tó rí, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀, onígbàjámọ̀ náà sì ni alága. Ẹgbẹ́ ọ̀hún ní àmì, ó ní àsíá, ó ní òntẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni kò ní. Onígbàjámọ̀ wà lórí irun ẹnìkan nígbà tí Baba Mítà wọlé tó ní òun wá gba fọ́ọ̀mù.

"Kí lẹ fẹ́ gan-an, Bàbá?"

"Mo fẹ́ wọlé."

"Kò sí olùdíje tí kò fẹ́ wọlé," ni onígbàjámọ̀ wí, ó sì fún un ní fọ́ọ̀mù. Kò mọ̀ pé ilé tí òun ń sọ kọ́ ni Baba Mítà ń sọ.

Ìwé ìpolongo rẹ̀ tún jẹ́ ìjàngbọ̀n mìíràn. Atẹ̀wé tó wà ní ìkángun òpópónà ti tẹ̀wé fún olùdíje tó pọ̀, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́: àwòrán ńlá, orúkọ ńlá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ojú ìwé mọ́kànlá ni Baba Mítà gbé wá bá a, ó fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ tojú tẹ̀yìn.

"Bàbá, ta ló máa ka èyí?"

"Ẹni tó bá ráyè."

"Kò sẹ́ni tó ráyè."

"Èmi ráyè," ni Baba Mítà wí.

Atẹ̀wé wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ẹ ní kí ìjọba fi bẹ́ńṣì sí ibùdókọ̀, ìyẹn dára. Ẹ wá ní kí wọ́n kọjú síra wọn. Nítorí kí ni?"

"Ẹni méjì tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, títì ni wọ́n á máa wò. Àmọ́ tí wọ́n bá kọjú síra, bó pẹ́ bó yá, ọ̀kan á sọ pé oòrùn mú."

"Ẹ tún ní kí ìdérí gọ́tà iwájú iléèwé wúwo débi tí ẹnìkan ò ní lè dá a gbé. Ṣebí fífúyẹ́ ló yẹ kó fúyẹ́?"

"Tó bá fúyẹ́, ẹni tó fẹ́ kó gọ́tà á dá a kó. Tó bá wúwo, á lọ pe aládùúgbò rẹ̀."

"Ibùdó ìlera. Ẹ ní kí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn ní agogo méje, nígbà tí nọ́ọ̀sì ò dé títí di agogo mẹ́jọ. Kí ni àwọn aláìsàn á máa ṣe fún odindi wákàtí kan?"

"Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì tó ní ẹ̀yìn, wọ́n á máa sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún ara wọn. Kí nọ́ọ̀sì tó dé, ara ìdajì wọn á ti yá."

Atẹ̀wé bọ́ awò ojú. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ojú ìwé mọ́kànlá yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Atẹ̀wé wò ó, kò sì sọ ọ́. Ó tẹ ojú ìwé mọ́kọ̀ọ̀kànlá láìyọ ẹyọ kan. Ó ya àwòrán Baba Mítà sí iwájú rẹ̀, àmọ́ ẹnìkan kọjá níwájú ìsọ̀ nígbà tó ń yà á, Baba Mítà sì yíjú láti kí i. Bó ṣe di pé olùdíje kan ṣoṣo ni àwòrán rẹ̀ ń wo ẹ̀gbẹ́ lórí gbogbo ògiri àdúgbò nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwa dé, ṣùgbọ́n Baba Mítà ń jẹ́ ẹ. Tí Ọ̀gá Aṣòfin bá ń polongo, mọ́tò mẹ́fà ló ń tò tẹ̀ lé ara wọn, gbohùngbohùn á máa ké lórí wọn. Ní ti Baba Mítà, onígbàjámọ̀ bá a lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì padà lẹ́yìn ilé kejì, ó ní oníbàárà ń dúró de òun. Láti ọjọ́ yẹn ni Baba Mítà ti ń dá lọ. Á kanlẹ̀kùn, á ní, "A dé o." Onílé á yọjú, á wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"Ẹ̀yin àti ta ni, Bàbá?"

"Èmi àti ẹgbẹ́ mi ni."

"Ẹgbẹ́ náà dà?"

"Ó wà ní ìsọ̀. Ó ń gẹrun."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbé àga fún un, nítorí olùdíje ni. Kò jọ pé ó máa ń rántí sọ ọ̀rọ̀ ìbò. Á béèrè ẹni tó ṣàìsàn, á béèrè ọmọ tó wà lẹ́nu ìdánwò, á wá gba ẹ̀yìnkùlé lọ wo ẹ̀rọ. Wọ́ṣà, rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń dí ẹ̀rọ tó ń jò, kún àpò rẹ̀ bí ẹni tó kó ẹ̀pà sápò. Ó dé ilé ọkùnrin kan tó ń ta bàtà, ẹni yẹn sì jẹ́ olóòótọ́ èèyàn.

"Bàbá, kí n má purọ́ fún yín. Ọ̀gá Aṣòfin ni mo máa dìbò fún."

"Kò burú. Ẹ bá mi di páìpù yìí mú."

Ó tún ẹ̀rọ náà ṣe, kò jò mọ́. Ojú wá ń ti oníbàtà. Ó ní, "Bóyá kí n tún un rò." Baba Mítà ní kó máa rò ó, òun á padà wá lọ́la láti mọ ibi tó rò ó dé. Ó padà lọ́la. Ó padà lọ́túnla. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ló fi ń lọ jókòó níbẹ̀, tí wọ́n ń jọ rò ó. Ní ọjọ́ keje, oníbàtà dìde dúró, ó ní òun ti pinnu, Baba Mítà lòun máa dìbò fún. Ojú Baba Mítà rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ má kánjú," ni ó wí.

Ìròyìn rẹ̀ dé etí Ọ̀gá Aṣòfin, ó sì rán akọ̀wé rẹ̀ sí i pé kó jáwọ́ nínú ìdíje, kó wá gba ipò olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ omi. Akọ̀wé náà jókòó sínú yàrá Baba Mítà, ó sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Ṣé ọ́fíìsì wà níbẹ̀?" ni Baba Mítà bi í.

"Ọ́fíìsì ńlá, Bàbá. Ní àjà kẹta."

"Ta la ó jọ máa wà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nìkankan, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín. Kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́."

Baba Mítà dìde, ó sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kó bá òun kí Ọ̀gá Aṣòfin, kó sọ fún un pé irú ọ́fíìsì yẹn ti wà nílé òun tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ ìdìbò àkọ́kọ́ yẹn ló wá fi gbogbo ara sọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ti wà lórí ìlà láti agogo méje, nínú ọgbà iléèwé, ó sì ti dé iwájú nígbà tó di agogo mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n òun àti obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò tíì sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ lọ, kó parí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń dìbò lọ́wọ́. Ẹni tó kàn tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Baba Mítà ṣe ń yọ̀ǹda àyè, tó ń kí ẹni tó ń bọ̀, tó ń kí ẹni tó ń lọ, títí òṣìṣẹ́ ìdìbò fi dí ẹnu àpótí. Ó ti bá gbogbo àdúgbò sọ̀rọ̀. Kò dìbò.

Ìbò igba ó lé méjìlá ni ẹgbẹ́ náà ní, ti Ọ̀gá Aṣòfin kò ṣeé fi wé e. Onígbàjámọ̀ tó ti fi gbogbo ọjọ́ náà ti ìsọ̀ rẹ̀ bínú díẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò tilẹ̀ dìbò fún ara yín."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ṣé ẹ gbọ́ pé ìyàwó oníbàtà ti bí ìbejì?"

Lẹ́yìn ìdìbò, ilẹ̀kùn tún padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bó bá kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Bàbá, ṣebí ìbò ti parí?" Á ní, "Òmíràn ń bọ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ìkòkò á sì wà lórí iná. Ọdún mẹ́rin gùn. Nínú ọdún mẹ́rin yẹn, àwọn tó bá ń kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, wọ́n á rò pé ó lálejò. Ìyá Aránṣọ nìkan ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wọlé.

Ìdíje kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí mítà gan-an ni ìjà dá lé. Ọ̀gá Aṣòfin fẹ́ kí ìpínlẹ̀ ra mítà tuntun tó ń ka ara rẹ̀, tó ń fi iye omi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì láìsí pé ẹnikẹ́ni wọlé. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n sì mú ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan wá ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni pé kò ní sí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn da yín láàmú mọ́."

Baba Mítà nawọ́. "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ń dà wá láàmú?"

Ẹnjiníà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Baba Mítà ní, "Lọ́dún kan, mo kanlẹ̀kùn tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Kò dáhùn. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo wo mítà, kò yí rárá. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Láti àná ló ti ṣubú. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Mítà tuntun yín á mọ̀ pé omi ò lọ. Ṣé á mọ ìdí?"

Ẹnjiníà ronú díẹ̀, ọmọ dáadáa ni, ó sì fẹ́ ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. "Bàbá, a lè fi agogo kan sí i, tí omi ò bá ti lọ fún ọjọ́ kan, agogo á dún ní ọ́fíìsì."

"Ó dára," ni Baba Mítà wí. "Tó bá ti dún tán, ṣé á bi wọ́n pé báwo ni ara?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì dìbò fún Ọ̀gá Aṣòfin. Mítà tuntun dé. Baba Mítà dúró lójú fèrèsé, ó ń wo àwọn tó ń gbé e sílé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé tirẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn, ó gbé àga fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó, ilé ogójì ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan nínú ojú ìwé mọ́kànlá rẹ̀ ṣẹ. Ọ̀gá Aṣòfin gbé bẹ́ńṣì ẹlẹ́yìn sí ibùdó ìlera, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà gàdàgbà. Àwọn èèyàn retí pé Baba Mítà á bínú. Baba Mítà lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ńṣì, ó ní ó dára. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Túsìdè ló ń lọ. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló ń ṣe é, ó ní kò sí. Nọ́ọ̀sì ní kí ló wá ń wá nílé ìwòsàn? Baba Mítà ní, "Mo wá bẹ iṣẹ́ ìjọba wò." Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó máa bẹ̀ ẹ́ wò lọ.

Nígbà ìdíje kẹta, orúnkún rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ìyá Aránṣọ ló gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé àga síta, kó lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri, kí àwọn èèyàn máa wá bá a. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé àga méjì síta, ó jókòó sórí ọ̀kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kí i, wọ́n kọjá. Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Aránṣọ ti ìsọ̀, ó mú ẹ̀wù tó ń fọwọ́ rán dání, ó sọdá, ó jókòó sórí àga kejì.

"Bàbá," ó ní, "kí ni èrò yín lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà?"

Inú Baba Mítà dùn, ó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá náà tún sọdá, ó tún bi í nípa gọ́tà. Ọ̀rọ̀ gọ́tà kò kan Ìyá Aránṣọ rárá, orí òkè ni ilé rẹ̀ wà, kò ní gọ́tà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún kí oṣù tó parí, ó ní kò sí èyí tó gùn tó èyí tó tẹ̀ lé e.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n dìbò nígbà tí àìsàn gbé e dé ilé ìwòsàn, ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò níbẹ̀. Ìyá Aránṣọ àti onígbàjámọ̀ ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti òkè òkun dé, wọ́n sin ín.

Ìwé ìdìbò ti jáde, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò, òṣìṣẹ́ ìdìbò dúró níwájú ìlà, ó ní kí gbogbo èèyàn fetí sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn olùdíje ti kú, ìbò tí wọ́n bá dì fún un, òfo ni. Oníbàtà wà níwájú ìlà. Ó ní, "A gbọ́, ọ̀gá. Ẹ kúrò lọ́nà." Ìbò ẹgbẹ̀rún kan ó lé ní igba ni wọ́n dì fún òkú ọkùnrin yẹn. Òṣìṣẹ́ ìdìbò kọ òfo síwájú rẹ̀, bí òfin ṣe wí.

Ọmọ Baba Mítà kò tíì padà sí òkè òkun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó sọdá sí ìsọ̀ Ìyá Aránṣọ láti dúpẹ́. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ni, ó ga bíi bàbá rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ìsọ̀, ó ní òun ò ní jókòó, òun kàn ní kí òun dúpẹ́ kí òun tó lọ palẹ̀ ẹrù mọ́ ni.

Ìyá Aránṣọ gbé àga fún un. Ó jókòó.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá mi, ẹ dákun, kí ni bàbá mi máa ń bá yín sọ?"

"Gọ́tà," ni Ìyá Aránṣọ wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. "Gọ́tà ni. Tí wọ́n bá sì sọ gọ́tà tán, ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ o. Gbogbo ọjọ́ tó o bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á sọdá wá síbí."

Ọmọ náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ìyá mi, wọn kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ pẹ́. Tí mo bá ti pè, wọ́n á ní àwọn èèyàn ń dúró de àwọn, wọ́n á ní kí n má ṣe ìyọnu, ilé kún. Mo rò pé ilé máa ń kún ni. Ìgbà tí mo dé, ife kan ni mo bá nínú ilé."

"Ilé ò kún," ni Ìyá Aránṣọ wí jẹ́jẹ́. "Wọn ò fẹ́ kí ọkàn rẹ má balẹ̀ lọ́hùn-ún ni. Ìpè ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, wákàtí méjì ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún mi. Ohun tó o sọ, bí ohùn rẹ ṣe rí, ibi tó o ti wúkọ́. Wọ́n á ní bóyá òtútù ibẹ̀ ni. Wọ́n á sín ẹ̀rín rẹ jẹ fún mi, wọn ò mọ̀ ọ́n sín jẹ rárá, á dà bí ẹyẹlé tó ń ké."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ìyá Aránṣọ kò wò ó, ó ń wá okùn tó máa fi sí abẹ́rẹ́.

"Ìyá mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ mi."

"Èyí tí mo pè wọ́n gbẹ̀yìn, ẹ bá mi sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Ìyá Aránṣọ gbé ẹ̀wù tó ń rán sílẹ̀ lórí máṣíìnì, ó fa àga rẹ̀ yí kó lè kọjú sí i dáadáa. "Ó gùn o," ó ní.

"Mo ráyè."